Ààlè Tí Ìbílọlá Pa Sórí Igi Kòkó

Tí wọ́n bá ní kí n júwe Ìbílọlá Ṣàngódèyí fún ẹni tí kò rí i rí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í sinmi. Àtàǹpàkò rẹ̀ á máa tẹ àwọn ìka yòókù lọ, á tún máa tẹ̀ wọ́n bọ̀, bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Orúkọ ọnà èdè àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà: simile, metaphor, hyperbole, irony. Ó ń kà á tó bá ń ro oko, ó ń kà á tó bá ń fọ abọ́. Àní ó ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wòlíì bá ní kí gbogbo ìjọ dijú!

Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti ṣe ìdánwò Lítíréṣọ̀ rí. Ó mọ gbogbo rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n bí ìwé ìbéèrè ṣe balẹ̀ níwájú rẹ̀ báyìí, orí rẹ̀ ṣófo bí igbá tí wọ́n da omi inú rẹ̀ nù. Ó gba F. Ó tún un ṣe, ó tún gba F. Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ló fẹ́ dà, wọn kò sì ní gbà á wọlé láìsí Lítíréṣọ̀. Ìdánwò mìíràn ti wá ń bọ̀ lọ́nà lásìkò tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ìdànrè. Láti Òkèehò ló ti wá nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń tọ́jú oko kòkó fún olóko. Bí wọ́n bá ká a tán, wọ́n á pín in, olóko á mú tirẹ̀, òun náà á mú tirẹ̀. Oko náà wà lẹ́yìn Atosin, lábẹ́ àpáta ńlá kan. Màmá Olúrónkẹ́ ló ni ín, ìyá àgbà kan, opó, tó ń gbé ní Òdòdè. Ọkọ rẹ̀ ló gbin kòkó náà. Láti ìgbà tí ọkọ yẹn sì ti kú, màmá kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́, Bàbá Ṣàngódèyí ló ń gbé ìpín rẹ̀ lọ bá a nílé. Inú abà tó wà létí oko yẹn ni wọ́n bí Ìbílọlá sí. Kò mọ ilé mìíràn.

Ní Aládé ló ti ń gba lẹ́sìnnì lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Felix. Tíṣà Felix ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bá a wí, ọ̀rọ̀ tó sọ dára.

"Ẹ yéé há a sórí bíi Sáàmù," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ síbi tí ojú yín ò ti ní lè sá fún un. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì."

Wọn kò ní fìríìjì. Ògiri abà wọn sì rèé, amọ̀ ni, bébà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n igi kòkó pọ̀ lọ súà! Bàbá rẹ̀ sì ti lọ sí ìsìnkú kan ní Òkèehò, òun ló fi sílẹ̀ kó máa ro abẹ́ kòkó dè é. Ni Ìbílọlá bá gé páálí Indomie sí wẹ́wẹ́. Ó kọ orúkọ ọnà èdè kan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ki wọ́n bọ ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kí òjò má baà pa wọ́n. Ó wá okùn, kò rí, àfi òwú pupa tí ó fi ń dirun, ó fi so wọ́n mọ́ igi. Afẹ́fẹ́ wá ń yí wọn po, ẹ̀yìn páálí ló ń kọjú sí i ṣáá. Ó wo ilẹ̀, ó rí ìkarahun ìgbín tí wọ́n ti jẹ ìgbín inú rẹ̀. Ó so ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìsàlẹ̀ páálí kọ̀ọ̀kan kó lè fà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n dúró ṣinṣin. Inú rẹ̀ dùn.

Ó ṣiṣẹ́ fún un o! Hyperbole wà lára igi tó ga jù lẹ́nu ọ̀nà. Personification wà lára èyí tó tẹ̀ bí arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́. Bó bá ti dé ìdí igi, orúkọ rẹ̀ á ti dé ẹnu rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rò pé bóyá òun yóò yege.

Kò rò ó rárá pé ẹlòmíràn yóò wo nǹkan wọ̀nyẹn tí yóò rí nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ tó lọ sí lẹ́sìnnì ní Aládé ni àwọn tó ń ká kòkó dé. Wàsíù ni olórí wọn, ọmọ Ṣakí, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó gbé dòjé tó wà lẹ́nu ọ̀pá gígùn kọ́ èjìká, ó ń kọrin bọ̀. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà oko, orin já. Ó dúró gbọn-in, àwọn tó ń tẹ̀ lé e sì fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ ọ́ lẹ́yìn.

"Kí ló dé, Bọ̀ọ̀dá Wàsíù?" Toheeb ló béèrè, géńdé tó máa ń ru agbọ̀n.

"Wo igi yẹn. Má nawọ́ sí i o. Ojú ni kí o fi wò ó."

Toheeb na ọrùn. "Òwú pupa. Ìkarahun ìgbín. Wọ́n kọ nǹkan sí i. H... Y... P..."

"Panu mọ́!" Wàsíù fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Ṣé o fẹ́ pè é tán ni? Bó bá jẹ́ ọ ńkọ́?"

"Ta ni yóò jẹ́ mi?"

"O fẹ́ dúró kí o mọ̀ ọ́n ni? Àúsù bílláhì! Ààlè ni wọ́n pa yìí. Wo ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀. Wo òmíràn. Gbogbo inú oko!"

Ta ni kò mọ ààlè? Ẹni tó ni nǹkan ló ń so ó mọ́ ọn, kí olè lè mọ̀ pé ohun tí yóò bá òun kò kéré. Àkísà ni, ṣùkù àgbàdo ni, ìkarahun ìgbín ni. Ènìyàn kì í bi í ní ìbéèrè, ẹsẹ̀ ni ènìyàn ń fà sẹ́yìn. Wọ́n sì fà á. Wàsíù pe Màmá Olúrónkẹ́ lórí fóònù, ó ní, "Màmá, wọ́n ti pààlè sínú oko yín o." Lẹ́yìn náà wọ́n pàdé Bàbá Ṣàngódèyí létí títì ní Atosin, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Òkèehò tòun ti báàgì rẹ̀. Ojú ti Wàsíù láti là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ rọra wọlé. Àlejò kan ti dé sínú oko yín."

Bàbá lọ wo àlejò náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, ó ka òwú pupa tí ojú rẹ̀ lè rí, ó sì dá a rò. Kì í ṣe òun ló ni oko. Ẹni tó ni oko nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pààlè sí i. Nítorí náà, Màmá Olúrónkẹ́ ló dúró kí òun lọ sílé, tó fi ààlè lé òun jáde. Lápá kejì, màmá náà ń dá tirẹ̀ rò ní Òdòdè: alágbàṣe tó ń pààlè sí oko olóko, ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ gba oko náà mọ́ òun lọ́wọ́ nítorí pé ọkọ òun ti kú? Ó ránṣẹ́ pé kí Ṣàngódèyí dúró de òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ tó rán yẹn gan-an ló wá jẹ́ kó dá bàbá lójú pé wọ́n ti lé òun.

Nígbà tí Ìbílọlá fi máa dé, bàbá rẹ̀ jókòó sí àtẹ̀gùn, ìgò omi àdúrà tí wọ́n gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti wọ́n gbogbo rẹ̀ sójú ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá! Ẹ kú àjò. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Di ẹní yẹn."

"Ẹní wo? Ibo là ń lọ?"

"Màmá ti lé wa. Kò fẹnu sọ ọ́, ó pààlè." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ìyẹn ló dẹ́rù bà á jù. "Ìgbà wo ni mo ti wà nínú oko yìí, Ìbílọlá? Ṣé ènìyàn ò kúkú lè pè mí kó sọ fún mi ni?"

"Ààlè báwo, Bàbá?"

"Òwú pupa. Ìgbín. Wọ́n tún kọ̀wé sí i."

Ìbílọlá rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí mànàmáná kọ: òwú rẹ̀, ìkarahun rẹ̀, páálí rẹ̀. Kí ni ojú òun ń wò tí òun kò fi rí i? Ọkàn rẹ̀ ní kó dákẹ́, kó yọ́ lọ tú wọn, kó ju gbogbo rẹ̀ sódò. Ṣùgbọ́n ó wo ẹní tó wà nílẹ̀, kò lè dákẹ́.

"Bàbá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo so wọ́n. Kì í ṣe ààlè. Lítíréṣọ̀ ni."

"Ìlú wo ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣàlàyé, ó ń kálòlò, ó ń sunkún. Nígbà tó yé bàbá, kò lù ú, kò pariwo. Ìbílọlá dìde pé òun ń sáré lọ tú wọn, ló bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jókòó! Ojú tó rí ààlè lórí igi ló gbọ́dọ̀ rí i nígbà tí wọ́n ń tú u. Tí o bá tú u lẹ́yìn wọn, wọ́n á ní a ti rì í mọ́lẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa ká kòkó yẹn láéláé."

Wọ́n pe Màmá Olúrónkẹ́. Kò gbé e. Wọ́n tún un pè, ó ti pa fóònù. Ni òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ kòkó mọ ohun tí òjò ń ṣe fún èyí tó ti pọ́n tí wọn ò ká: á bẹ̀rẹ̀ sí dúdú láti ìdí, dúdú náà á sì máa ran ìkejì rẹ̀. Bàbá àti ọmọ jókòó, wọ́n ń gbọ́ omi tó ń ṣàn lórí àpáta. Àtàǹpàkò Ìbílọlá ń tẹ ìka lọ, ó ń tẹ ìka bọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, màmá gun ọ̀kadà dé. Ó kúrú, ó gbẹ, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Èdè Ìdànrè pọ́ńbélé ló ń sọ, n kò lè kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, n óò kàn sọ ohun tó wí. Wàsíù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti dé, wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Ìbílọlá kúnlẹ̀.

"Ṣàngódèyí," ni màmá wí, kò jẹ́ ìkíni. "Oko ọkọ mi lo pààlè sí?"

"Màmá, ẹ̀yin ni èmi rò pé ẹ pa á."

"Èmi? Ta ni mo fẹ́ pààlè fún nínú oko ara mi?"

"Èmi ni, Mà," ni Ìbílọlá wí. "Ìwé mi ni. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣèdánwò ni."

Wàsíù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. "Ìdánwò! Ìdánwò tó ń wọ òwú pupa! Màmá, ẹ jẹ́ kó kà á fún wa. Kó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kó tó tú u. Èyí tí kò bá lè sọ, òun ni ààlè gidi. Ó kàn fi àwọn yòókù bò ó ni."

Gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Màmá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Ó dáa. Bí ẹyọ kan bá wà tí kò lè sọ, kí wọ́n kẹ́rù wọn lónìí."

Ẹ wo ìdánwò o! Kò sí tábìlì, kò sí bírò, olùṣèdánwò gbé dòjé dání. Ìbílọlá lọ dúró sídìí igi gíga.

"Hyperbole," ó ní. Gbogbo wọn ṣísẹ̀ sẹ́yìn. "Àsọdùn ni. Kí ènìyàn sọ nǹkan kọjá bó ṣe tó. Bí... bí ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ní kòkó tí àwọn ká lóòjọ́ bo àpáta yìí mọ́lẹ̀ tí wọn ò rí orí àpáta mọ́."

"Òótọ́ ni!" ni Wàsíù wí.

"Àsọdùn ni," ni Toheeb wí. "Èmi ni mo rù ú."

Ẹ̀rín sọ. Ìbílọlá tú òwú, ìkarahun bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n lọ sí ìdí igi tó tẹ̀.

"Personification. Kí ènìyàn sọ ohun tí kì í ṣe ènìyàn di ènìyàn. Bí òjò bá dá tán, ẹ máa ń wí pé àpáta ń sunkún."

"Ó ń sunkún náà ni," ni Toheeb wí, ó wo òkè. Kò sẹ́ni tó jà á níyàn.

Ó dé ara euphemism. "Àdàpè ọ̀rọ̀ ni. Àfọwọ́rá, àdàpè olè. Lánàá tí ẹ pàdé bàbá mi, ẹ ní àlejò dé sínú oko. Ẹ ò fẹ́ sọ pé ààlè."

"Ojú ló tì mí," ni Wàsíù wí wẹ́rẹ́.

Lára igi tó tẹ̀ lé e, ó ka rhetorical question. "Ìbéèrè tí ẹni tó bi í kò retí ìdáhùn. Bí bàbá mi ṣe bi mí lánàá. Wọ́n ní, 'Ṣé ènìyàn ò kúkú lè pè mí kó sọ fún mi ni?'"

Màmá yíjú wo Bàbá Ṣàngódèyí. Bàbá wo ilẹ̀. Òwú pupa bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ láti ìdí igi dé ìdí igi, metaphor, irony, oxymoron, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ara igi àgbà tó wà nídìí àpáta ló so èyí mọ́, igi tí ọkọ màmá kọ́kọ́ gbìn. Ìbílọlá wo páálí. Apostrophe. Ó ya ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Igbá ti dànù.

Ó wo páálí, páálí wò ó. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ìka àkọ́kọ́, ìkejì, ó padà. Ó mọ̀ ọ́n lánàá. Ó mọ̀ ọ́n ní Aládé. Òógùn ń ṣàn wọ inú ojú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó gbọ́ tí Wàsíù ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ewé ilẹ̀, ó ń fà sẹ́yìn.

"Ẹ ti rí i," ni Wàsíù wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òun rèé."

"Ẹ ní sùúrù fún un," ni bàbá wí. Ó ti dijú, ètè rẹ̀ ń mì pẹ̀lú àdúrà.

Màmá kò tilẹ̀ wo Ìbílọlá. Ó ti kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, níbi tí èèpo rẹ̀ ti dán. Kò tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú.

"Bàbá Olúrónkẹ́," ó ní. "Ẹ rí ohun tí ẹ fi mí sí? Ẹ lọ, ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú igi àti ẹjọ́. Kí ni kí n ṣe sí àwọn ènìyàn yìí? Ẹ dá mi lóhùn."

Omi kán láti orí ewé.

"Òun nìyẹn!" Ìbílọlá pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Toheeb fi ju agbọ̀n sílẹ̀. "Ohun tí ẹ ń ṣe yẹn ni, Mà! Kí ènìyàn máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń gbọ́. Òkú, tàbí igi, tàbí òjò. Òun ni apostrophe!"

Toheeb bẹ̀rẹ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ padà.

"Òyìnbó ní orúkọ fún ìyẹn náà?" ni Wàsíù béèrè.

"Wọ́n ní in."

Màmá mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára igi díẹ̀díẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é nílé," ó ní. "Mo rò pé ogbó ni."

Ìbílọlá tú u. Ó kó gbogbo páálí sínú ìró rẹ̀. Ẹ rò pé ó parí? Wàsíù ní àwọn kò ní fọwọ́ kan èso kankan àfi kí ẹni tó so ó kọ́kọ́ ká ẹyọ kan, kí àwọn wò ó. Ìbílọlá gba dòjé, ó fi fa kòkó lẹ́ẹ̀kan, kò já, ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, kòkó pípọ́n kan já lulẹ̀, pọ́! Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn.

"Orí ń fọ́ ọ?" ni Wàsíù béèrè.

"Rárá, sà."

"Inú ńkọ́?"

"Ebi ló ń pa mí."

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀ sí i..."

"Wàsíù!" ni màmá wí. "Kòkó ń dúdú, o ń wo ọmọ ọlọ́mọ." Ó yíjú sí Bàbá Ṣàngódèyí. "Bí ẹ bá ti di ẹrù, ẹ lọ tú u."

Bàbá tún dọ̀bálẹ̀. Ẹrẹ̀ kún gbogbo ojú rẹ̀, kò nù ún.

Wọ́n ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi wọ̀. Èyí tó ti dúdú nísàlẹ̀ àpáta kò kéré, wọ́n kó o dànù. Ìpín ọdún náà kò lè rí bó ṣe yẹ kó rí, kò sì sẹ́ni tó dá Ìbílọlá lẹ́bi lójú rẹ̀. Toheeb ní tirẹ̀ ti gba wèrè mọ́ àwọn orúkọ náà. Bí kòkó bá bọ́ lé e lórí, á kígbe, "Hyperbole!", bó sì tilẹ̀ ṣe pé kò bá a mu, gbogbo wọn á fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá jókòó sí àtẹ̀gùn, ó ń fi igi yọ ẹrẹ̀ lábẹ́ èékánná. Ìbílọlá ń ka àwọn páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdánwò kò jìnnà mọ́, ẹ̀rù sì ti tún dé.

"Gbọ́ ná," ni bàbá wí. "Kí èmi rò pé màmá ló ṣe é, kí òun náà rò pé èmi ni mo ṣe é, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó ń pèsè oúnjẹ fún mi ló wà nídìí ẹ̀. Ṣé wọ́n ní orúkọ fún ìyẹn náà?"

Àtàǹpàkò Ìbílọlá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìka. Àkọ́kọ́, ìkejì, ó dúró.

"Wọ́n ní in, Bàbá. Irony ni. Ó wà lára igi kan báyìí tó..."

"Má dárúkọ igi fún mi!" ni bàbá wí. "Bó bá ní orúkọ, kọ ọ́ sórí ìwé. Ti igi ti tó."